Omi Tí Kò Rì Mọ́

“Nínú gbogbo ẹja wọ̀nyí, èwo ló kọ́kọ́ kú?”

Ìbéèrè tí ọlọ́pàá obìnrin náà béèrè nìyẹn, àwọn tó dúró sórí pákó àgò tí wọ́n ti ń sin ẹja nínú òkun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹja ló léfòó lọ súà níwájú wọn, ikùn funfun sókè, bí ìgbà tí ènìyàn da àwo sínú omi. Ta ni yóò mọ èyí tó kọ́kọ́ kú nínú wọn? Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó kúnlẹ̀ lórí pákó tútù, ó ti ọwọ́ bọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọ̀n àgò náà sókè díẹ̀díẹ̀.

Ṣàlàyé ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí kò sí ohun tí ènìyàn lè wí fún un tí kò ní dáhùn pé, “Ṣàlàyé.” Wọ́n ní ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé òun fẹ́ ẹ, ohun tó fi dá a lóhùn náà nìyẹn.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé dúró sí, tó fi etí ìborùn bo imú. Òun ni onímọ̀ òkun ní ilé ìwádìí tó wà létí èbúté. Ọkọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ ojú omi ilé ìwádìí náà, àbúrò ọkọ rẹ̀ ló sì ni àwọn àgò tí ẹja kú sí yìí. Láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn ló ti ń pe àbúrò ọkọ náà ní ọkọ mi kékeré. Ọkọ kékeré ọ̀hún jókòó sórí garawa tó dojú dé. Ó kàn ń wo omi bí ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀ lójú ara rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu,” ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ àgò wí. “Ẹni tó ṣe é ti wà lọ́wọ́ yín. Baba Aláwọ̀n ni. Òun ló da májèlé sí i.”

Baba Aláwọ̀n jẹ́ àgbà apẹja tó ti ń da àwọ̀n sí agbègbè náà kí wọ́n tó gbé àgò dé ibẹ̀. Àgò wọ̀nyí dí i lọ́nà, ó bá wọn jà, ó sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé, “Omi yìí fúnra rẹ̀ ni yóò bá yín jà.” Nígbà tí ẹja kú, wọ́n yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá kẹ́míkà nínú jálá kan. Ó ní òun fi ń fọ ẹ́ńjìnnì ni. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn? Wọ́n tì í mọ́lé.

Ṣàlàyé mú ẹja kan láti òkè àwọ̀n, ó mú òmíràn láti ìsàlẹ̀, ó tẹ́ àwọn méjèèjì sórí pákó.

“Ẹ wo ojú wọn. Ti òkè yìí ṣì mọ́ gaara. Ti ìsàlẹ̀ ti ṣe bàìbàì, ó ti funfun. Èyí ló kọ́kọ́ kú.” Ó tún fa àwọ̀n náà, ó fi òrùka bàbà tí wọ́n so mọ́ etí rẹ̀ hàn wọ́n. “Òrùka ti òkè pọ́n, ó ń dán. Ti ìsàlẹ̀ dúdú kirikiri. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe rà á?”

“Rárá o,” òṣìṣẹ́ náà dáhùn. “Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.”

“Ẹni tó bá fẹ́ da májèlé sómi, òkè ni yóò ti dà á. Ìsàlẹ̀ ni ikú yìí ti gòkè wá.” Ó dìde, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó yíjú sí Ọ̀mọ̀wé. “Mà, kí ló wà nísàlẹ̀ níbí?”

“Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo ti ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ òun ló pa wọ́n.”

“Ẹ ṣàlàyé.”

*

Yàrá ìwádìí Ọ̀mọ̀wé kéré, ìgò omi ló kún gbogbo ara ògiri rẹ̀. Ó fi àga fún Ṣàlàyé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lè jókòó.

“Ẹ wo òkun wa yìí bíi yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kéré,” ó bẹ̀rẹ̀. “Ilẹ̀ yí i ká, àfi ẹnu tóóró kan ṣoṣo tó fi kan òkun ńlá. Afẹ́fẹ́ kì í ṣàdédé dé ìsàlẹ̀ irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ìgbà òtútù ló ń gbé e lọ. Láyé ijọ́un, atẹ́gùn tútù á fẹ́ wá láti orí ilẹ̀, omi òkè á tutù rinrin, á wúwo, á sì rì. Bó ṣe ń rì, ó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ títí dé ìdí kòtò. Ọdọọdún ni òkun wa ń mí kanlẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Nísinsìnyí ńkọ́?”

“Ayé ti gbóná. Ìgbà òtútù ń kọjá bí àlejò tí kò bọ́ bàtà. Omi òkè ṣì ń rì, ṣùgbọ́n kò wúwo tó mọ́. Ó ń dé àárín, ó ń dúró síbẹ̀. Omi tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò rí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ ń le sí i, gbogbo ohun tó kú lókè ń já bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n ń jẹrà, wọ́n sì ń jẹ ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù níbẹ̀. Tó bá yá, ohun alààyè kankan kò ní lè mí nínú rẹ̀, á sì máa sọ bàbà àti irin di dúdú.”

“Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló wà. Báwo ló ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹja tó wà nínú àgò?”

“Bí ìjì bá fẹ́ láti orí ilẹ̀, tó ti omi òkè kúrò létí èbúté, ti ìsàlẹ̀ á gòkè wá gba àyè rẹ̀.”

“Ìjì sì jà kí ẹja tó kú.”

“Ó jà gan-an.”

Ṣàlàyé ń fi eyín rún igi ìṣáná. “Gbogbo ohun tí ẹ wí ló bára mu. Kí ló wá dé tí ẹ ní kò lè jẹ́ òun?”

Ọ̀mọ̀wé gbé ìgò omi kan sókè, ó tún gbé e kalẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Nítorí pé èmi fúnra mi ni mo sọ fún ìgbìmọ̀ ìlú pé ìsàlẹ̀ ti yá.”

Ó wá ṣàlàyé. Ọdún púpọ̀ ló fi kìlọ̀ fún wọn, wọn ò gbọ́. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Ìyá Omi-ń-kú. Bó bá wọ ilé ìtajà, àwọn ọkùnrin á máa bi í bóyá omi ti kú tán àbí ó ṣì ń pọ̀kàkà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n kan sọ sí kòtò tó jìn jù lọ nínú òkun náà, wọ́n fi í síbẹ̀ kí ó máa wo bí omi ṣe rí láti ìgbà òtútù kan dé òmíràn. Nígbà tí wọ́n fà á sókè, ohun tó sọ yàtọ̀ pátápátá: omi tútù, afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, bí òkun ṣe rí nígbà tí Ọ̀mọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

“Ìtìjú bá mi, inú mi sì tún dùn. Ta ni kò ní fẹ́ kó jẹ́ pé irọ́ ni ìròyìn burúkú? Mo dìde níwájú ìgbìmọ̀, mo ní ó jọ pé mo ti ṣi ọ̀rọ̀ náà wò, ìsàlẹ̀ tún ti ń mí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọjọ́ náà ni wọ́n fún ọkọ mi kékeré láyè láti kó àgò rẹ̀ lọ sí bèbè kòtò.”

“Ta ló gbé ẹ̀rọ náà lọ sómi?”

“Bàbá Ìbejì, ọkọ mi. Ìyá mi ń ṣàìsàn lákòókò yẹn, ìdí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo wà. Òun náà ló lọ fà á sókè, nígbà tí mò ń múra ọ̀rọ̀ tí mo máa bá ìgbìmọ̀ sọ.”

Ṣàlàyé yọ igi ìṣáná lẹ́nu. “Ẹ jẹ́ kí n rí ẹ̀rọ ọ̀hún.”

*

Inú ilé ìkẹ́rùsí ni ó wà, ọ̀pá irin gígùn kan tí wọ́n dè mọ́ àárín férémù. Ṣàlàyé yí i po, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dìde.

“Ó mọ́ jù. Ṣé bí ohun tó sùn sínú òkun ṣe ń rí nìyí?”

“Bàbá Ìbejì ló bá mi fọ̀ ọ́. Mo tiẹ̀ kùn sí i lọ́jọ́ náà, torí mo máa ń fẹ́ wo ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní òun fẹ́ gbé iṣẹ́ fúyẹ́ fún mi ni.”

“Ọkọ rere.”

“Ọkọ rere ni,” Ọ̀mọ̀wé dáhùn, ó sì fi ọkàn sọ ọ́.

Ṣàlàyé fa píìnì kan yọ nínú irun rẹ̀, ó tì í bọ abẹ́ irin tí wọ́n fi há ọ̀pá náà mọ́ férémù, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Ó wa ibẹ̀, ó wa ibẹ̀. Ohun kan já jáde, ó tín-ín-rín bí òwú, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀mọ̀wé.

“Èyí ńkọ́?”

Ọ̀mọ̀wé gbé e lọ sí ojú fèrèsé, ó fi awò wò ó. Ó tún un wò. Ó yíjú padà.

“Ewé òkun ni.”

“Ẹ ṣàlàyé.”

“Ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo ewé ń jẹ. Irú èyí lè fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ gbé ara rẹ̀ ró, ìyẹn ló ṣe lè hù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò, ní ìdajì ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kòtò tí mo ní kí wọ́n gbé e sí, òkùnkùn biribiri ni. Ewé kankan kò lè hù níbẹ̀.” Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ẹ̀rọ yìí kò dé ìsàlẹ̀. Àárín ló wà. Ibi tí omi ìgbà òtútù ń dúró sí nísinsìnyí gan-an, ibi tó ṣì tutù tí afẹ́fẹ́ sì wà. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, òkun àná ni yóò rí kà.”

“Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò mọ bí ibi tó wà ṣe jìn tó?”

“Ojú tó fi ń wọn jíjìn ti bàjẹ́. A ò tíì rí òmíràn. Ohun tí atukọ̀ bá sọ la gbà.”

“Ta ló mọ̀ pé ojú yẹn bàjẹ́?”

“Èmi. Ọkọ mi. Mẹ́káníìkì ọkọ̀.” Lójijì ni ó gbé orí sókè. “Mẹ́káníìkì! Ó ti fi wá sílẹ̀. Ìdí àgò ẹja ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Òun ni! Ta ni ì bá tún jẹ́?”

Ṣàlàyé wò ó pẹ́. Ojú àánú ni ó fi wò ó, ṣùgbọ́n Ọ̀mọ̀wé kò mọ̀ ọ́n sí àánú nígbà náà.

*

Mẹ́káníìkì wà ní ṣẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá èbúté, gíríìsì dé ìgúnpá rẹ̀. Bó ṣe rí Ọ̀mọ̀wé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ń wá ibi tó máa fi ọwọ́ dúdú rẹ̀ sí.

“Wọ́n ní ìwọ lo gbé ẹ̀rọ Ọ̀mọ̀wé sí ibi tí kò yẹ,” Ṣàlàyé wí.

“Èmi? Mà, abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà lọ́jọ́ náà, nídìí ẹ́ńjìnnì.”

“Kí lo ń ṣe níbẹ̀?”

“Ọ̀gá atukọ̀ ló ní ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo lọ. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Nígbà tí mo máa fi gòkè, wọ́n ti sọ ẹ̀rọ sómi tán.”

“Kí ló dé tí o fi ilé ìwádìí sílẹ̀ wá síbí? Àgò ẹja fún ọ ní oyè ni?”

“Oyè kẹ̀? Ìyàwó mi bímọ. Mo fẹ́ iṣẹ́ tó máa jẹ́ kí n máa sùn nílé. Ọmọ ọ̀hún ò tiẹ̀ wá jẹ́ kí n sùn.”

Ṣàlàyé rẹ́rìn-ín. “Má bínú, ó máa dàgbà. Okùn ńkọ́?”

“Okùn wo?”

“Okùn tí wọ́n fi sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀. Nígbà tí o gòkè, ó kù lára àgbá tí wọ́n ń ká a sí àbí ó tán?”

Ọkùnrin náà dúró bí ẹni tó ń wo inú ara rẹ̀. “Ó kù rẹpẹtẹ. Mo rántí dáadáa, torí mo kọsẹ̀ lára rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n fi imú gbálẹ̀. Mo tiẹ̀ bi ọ̀gá léèrè. Wọ́n ní okùn tuntun ni, pé ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

Ọ̀mọ̀wé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn èyí. Òun ló ń ra gbogbo okùn ilé ìwádìí, kò sì ra okùn tuntun kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló ge okùn náà ní ìwọ̀n kòtò. Bí ẹ̀rọ bá dé ìsàlẹ̀, ohun tó máa kù lára àgbá kò ní tó láti fi de ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó di apá Ṣàlàyé mú. “Ó lè jẹ́ àṣìṣe. Kùrukùru máa ń bo ojú òkun nígbà mìíràn, atukọ̀ lè ṣi ibi mú.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ọkọ mi kì í ṣe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀.”

“Mi ò tíì pe ọkọ yín ní nǹkan kan, Mà. Ẹ jẹ́ ká lọ kí i.”

*

Inú pálọ̀ ni wọ́n bá atukọ̀, ó ń tún fáànù ṣe. Ó dìde, ó fi ẹ̀rín kí wọn. Ọkùnrin gíga ni, ọlọ́yàyà, ẹni tí àwọn ọmọ àdúgbò máa ń sáré pàdé.

“Ọlọ́pàá nínú ilé mi! Ẹ wá mú mi ni?”

“Àbí ẹ ti dá ọ̀ràn kan tí a ò tíì gbọ́?” Ṣàlàyé dá a lóhùn. Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Ṣàlàyé jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ní oòrùn ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan òun gbẹ. Ọ̀mọ̀wé lọ bu omi wá fún un.

“Wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ òkun yìí tó yín.”

“Ọlọ́run ló ń ràn wá lọ́wọ́.”

“Èmi ò mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ ṣàlàyé nǹkan kékeré kan fún mi. Mo rí ẹ̀rọ Ọ̀mọ̀wé, ó mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Kí ló dé tí ẹ yọ ara yín lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìyàwó yín kò fẹ́ kí ẹ fọ̀ ọ́?”

“Ẹ gbọ́ mi, ìdọ̀tí ló pọ̀ jù. Iyanrìn ti kún gbogbo ihò irin ìdákọ̀ró tó di ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Bí mo bá gbé e wọlé bẹ́ẹ̀, gbogbo ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ló máa dọ̀tí.”

Omi tí Ọ̀mọ̀wé ń dà sínú ife kún, ó ṣàn sórí tíréè, ó ń kán sílẹ̀. Kò mọ̀.

Iyanrìn.

“Ẹrẹ̀ dúdú ni, Bàbá Ìbejì,” ó wí.

“Kí lo wí?”

“Ẹrẹ̀ dúdú ló wà nísàlẹ̀ kòtò. Ẹrẹ̀ rírọ̀ tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Tí ẹ bá fa ẹrù sókè láti ibẹ̀, ó máa ń ta sí yín lẹ́wù, èmi ni mo sì ń fọ ẹ̀wù náà, kì í kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Kò sí iyanrìn níbẹ̀. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni iyanrìn wà.”

Atukọ̀ wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọlọ́pàá. Ṣàlàyé ń wo ògiri bí ẹni pé kò sí nínú ilé. Ọkùnrin náà rọra gbé sukurudíráífà rẹ̀ kalẹ̀.

“Ìyá Ìbejì, jókòó.”

“Mo dúró dáadáa.”

“Àbúrò mi ló wá bẹ̀ mí. Ó ní bí o bá tún dìde kìlọ̀ fún ìgbìmọ̀, wọn kò ní fún òun láyè, gbogbo làálàá òun ti já sófo nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ni mo rò. Mo ń wò ọ́. Wọ́n ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ìgboro, o ń padà wálé o ò lè jẹun. Àwọn ìbejì ń jà nílé ìwé nítorí orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́. Mo ní kí n fún ọ ní ìsinmi.”

“Ìsinmi.”

“Ṣèbí mo máa ń gbọ́ nọ́ńbà tí o ń kà lórí ọkọ̀. Ní àárín, gbogbo rẹ̀ máa ń dáa. Ìsàlẹ̀ nìkan ni wàhálà. Mo sì bi ara mi pé, ta ló ń gbé ìsàlẹ̀ yẹn? Kò sí ẹni tó ń pẹja níbẹ̀. Kí ló kàn wá?”

Ọ̀mọ̀wé wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó lé téńté lórí orúnkún. Ọwọ́ yìí ló ń tu ọkọ̀ nígbà tí òun ń wọn òkun. Nínú òtútù, nínú òjò, òun nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tó ti ń rò láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn.

“Bàbá Ìbejì, ẹ gbà mí gbọ́ rí?”

“Mo fẹ́ràn rẹ, ìwọ náà mọ̀.”

“Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín. Nígbà tí mo ní omi ìsàlẹ̀ ń kú, ẹ gbà mí gbọ́?”

Ọkùnrin náà la ẹnu, ó pa á dé. Bí ó bá parọ́ lásìkò yẹn, bóyá ì bá sàn fún un. Kò parọ́. Ó dorí kodò.

Ìyẹn ló gún Ọ̀mọ̀wé lọ́kàn ju ẹ̀rọ lọ, ju àgò lọ. Àwọn ará ìgboro tó ń bú u, ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bú u. Ẹni tó ń gbé tíì lé e lọ́wọ́ lórí ọkọ̀, tó ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ kan náà ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

“Àgbàlagbà tí wọ́n tì mọ́lé ńkọ́?” ó béèrè. “Ẹ rí i tí wọ́n ń mú un lọ.”

“Mo rò pé wọ́n máa tú u sílẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n tú u sílẹ̀.”

Ṣàlàyé dìde. “Ọ̀gá atukọ̀, ẹ wọ bàtà yín.”

Ní ẹnu ọ̀nà ni ọkùnrin náà ti yíjú padà. Ẹ̀rín rẹ̀ ti lọ. “Ìyá Ìbejì, bá mi sọ fún wọn pé àṣìṣe ni. Tó bá ti ẹnu rẹ jáde, wọ́n á gbà.”

“Mo ti parọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan láìmọ̀,” ó dáhùn. “Ẹ má bẹ̀ mí pé kí n mọ̀ọ́mọ̀ pa òmíràn.”

Àwọn ọlọ́pàá méjì tó ti ń dúró níta mú un wọ ọkọ̀. Ṣàlàyé dúró sẹ́yìn. Ọ̀mọ̀wé sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Ẹ ti mọ̀ kí a tó dé ibí?”

“Mo fura. Okùn jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ó lè sọ fún mi pé mẹ́káníìkì ń parọ́, kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn? Ẹni tó bá ń pa irọ́ nípa ibi tó lọ, tí ènìyàn bá bi í ní nǹkan mìíràn, ibi tó lọ gan-an ni ẹnu rẹ̀ máa ń sọ. Mo kàn fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Èmi ò sì mọ ẹrẹ̀ yàtọ̀ sí iyanrìn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ fi etí mi mú ọkọ mi nínú pálọ̀ mi.”

Ṣàlàyé kò sẹ́. “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹ má bínú sí mi. Tàbí kí ẹ bínú, ẹ̀tọ́ yín ni.” Ó tẹríba fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

*

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú Baba Aláwọ̀n sílẹ̀. Ọ̀mọ̀wé lọ bá a nílé. Àgbàlagbà náà jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sínú oòrùn bí ẹni tó fẹ́ gba gbogbo oòrùn tó ti pàdánù padà. Ọ̀mọ̀wé kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Baba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.”

“Ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n fi tì mí,” Baba wí. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. “Mo ń wí fún wọn pé ẹ́ńjìnnì ni mo fi kẹ́míkà fọ̀. Wọ́n ní Ọ̀mọ̀wé ti sọ pé omi yá, tí omi bá yá, ènìyàn ló pa ẹja.”

“Ẹni tí mo fọkàn tán ló dà mí, Baba.”

Baba rẹ́rìn-ín kékeré kan. “Èmi náà fọkàn tán ọ.”

Ọ̀mọ̀wé gbé ojú sókè.

“Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, mo máa ń bá wọn jà lórí omi. Mo ní obìnrin yẹn kì í parọ́. Ìwọ̀ mi ń dúdú bí mo bá jù ú síbi tó jìn. Àwọ̀n mi ń gbé òórùn wálé. Mo ní ẹ wò ó, ohun tó ń wí rèé. Lọ́jọ́ kan, o dìde níwájú ìgbìmọ̀, o ní omi ti yá. Mo padà sílé, mo mú ìwọ̀ mi, mo wò ó, ó dúdú. Mo ní bóyá ojú mi ló ti ń ṣe bàìbàì. O ti mọ̀wé jù mí lọ. Mo fi ojú ara mi sílẹ̀, mo gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́.”

Ọ̀mọ̀wé ti wá láti sọ pé wọ́n da òun. Kò mọ̀ pé ẹnìkan jókòó síwájú ilé yìí tí òun náà dà bẹ́ẹ̀, láìfẹ́, láìmọ̀, ṣùgbọ́n ó dà á.

“Ìgbà wo ni ìgbìmọ̀ tún máa jókòó?” Baba béèrè.

“Òní. Wọ́n ti ń retí mi.”

“Kí lo wá ń ṣe lórí ìkúnlẹ̀ níbí? Dìde. Bí o bá bẹ̀ mí dalẹ́, kò kan omi. Lọ sọ bó ṣe rí fún wọn, kí o sì dárúkọ ẹni tó ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkọ rẹ.”

“Màá dárúkọ rẹ̀.”

“Àti tìrẹ.”

Ọ̀mọ̀wé gbọn eruku kúrò ní orúnkún.

“Àti tèmi, Baba.”

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì mú ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ pọ̀n.